Ta Ni Ó Ni Nọ́ńbà Yìí? Òfin Síìmù àti Ayédèrú Fóònù ní Òkè-Ògùn

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni àwọn baba ńlá wa ti ń fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ ni, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí a fi àrokò ránṣẹ́ sí tó bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fẹ́ mọ ẹni tí ó rán an. Ìdí nìyí tí ìránṣẹ́ ọba fi máa ń mú ọ̀pá àṣẹ dání, kí ẹnikẹ́ni má ba à sọ pé òun kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Àrokò tí a kò bá mọ ẹni tí ó rán an, jìnnìjìnnì ni ó ń dá sí ni lára.

Ní ayé òde òní, fóònù alágbèéká ti gba iṣẹ́ àrokò ṣe. Ó yá, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n ó mú ìbéèrè àtijọ́ náà padà wá: ta ni ó rán iṣẹ́ yìí? Nọ́ńbà ni ó ń yọ lójú fóònù; nọ́ńbà kò ní ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìdílé. Ìbéèrè yìí ni ìjọba àpapọ̀ ń gbìyànjú láti dáhùn nígbà tí ó ṣòfin pé kí gbogbo ẹni tí ó ní síìmù lọ forúkọ sílẹ̀, tí ó sì ń wá ọ̀nà láti lé ayédèrú fóònù kúrò lọ́jà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí ètò méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí ojú àwọn ènìyàn wa ní Òkè-Ògùn ń rí nínú wọn, àti ìdí tí mo fi gbà pé òfin tí ó dára lè di ẹrù lọ́rùn aláìṣẹ̀ bí a kò bá mọ orí ẹni tí ó yẹ kí a gbé e kà.

Bí fóònù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kí ó tó di ọdún 2001, NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba, ni ó ń ṣe àkóso tẹlifóònù ní Nàìjíríà. Gbogbo tẹlifóònù onáwáyà tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà kò tó mílíọ̀nù 1, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí ń gbé orílẹ̀-èdè náà ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001 ni àjọ tí ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NCC, ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká. Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Glo tẹ̀ lé wọn ní 2003. Àwọn ìlú ńlá bí Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ ànfààní rẹ̀ kí ó tó kàn wá.

Òkè-Ògùn kì í ṣe ilẹ̀ kékeré. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mẹ́wàá ni tiwa. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì, ilẹ̀ ọ̀dàn àti àpáta ni. Àwọn abúlé oko sì jìnnà sí ara wọn. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ìlú Ìsẹ́yìn sì lókìkí nípa aṣọ òkè híhun. Nígbà tí fóònù dé, ahunṣọ Ìsẹ́yìn kò ní láti wọ ọkọ̀ dé Èkó kí ó tó mọ irú ọ̀wù tí oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́. Àgbẹ̀ tí ó wà ní Òtù lè béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Ìbàdàn kí ó tó gbà fún alájàpá. Ẹni tí ó ń ṣòwò láti Ṣakí wọ ilẹ̀ Bìní Olómìnira lè mọ̀ bóyá ọjà ti dé tàbí kò tí ì dé. Nítorí náà, fóònù ní Òkè-Ògùn kì í ṣe ohun àmúṣoge. Irinṣẹ́ ni, bí ọkọ́ àti àdá. Ẹni tí ó bá pa fóònù àgbẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà méjì, iṣẹ́ méjì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lára fóònù kan. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀kadà. Ọ̀kadà ní nọ́ńbà tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó ń sọ ẹni tí ó ni ín. Ó sì tún ní nọ́ńbà tí a tẹ̀ mọ́ ara irin rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. A lè tú ti àkọ́kọ́ kúrò kí á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ara irin kò ṣeé tú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù. Síìmù ni ó gbé nọ́ńbà tí a fi ń pe ènìyàn. A lè yọ ọ́ nínú fóònù kan kí á fi sínú òmíràn. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IMEI. Nọ́ńbà 15 ni ó tò tẹ̀ léra. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ń sọ irú fóònù tí ó jẹ́. Mẹ́fà tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹ̀rọ yẹn nìkan. Ẹyọ kan tí ó gbẹ̀yìn ni a fi ń yẹ àwọn yòókù wò bóyá wọ́n tọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kò ní ṣe ju kí ó tẹ *#06# lọ, yóò sì yọ lójú fóònù rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá pe ènìyàn, òpó tí ó gbé ìpè wa mọ nọ́ńbà méjèèjì. Òfin ìforúkọsílẹ̀ síìmù ń bá nọ́ńbà àkọ́kọ́ wí. Ìgbógun ti ayédèrú fóònù ń bá èkejì wí.

Òfin ìforúkọsílẹ̀ síìmù

Fún bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí fóònù dé, bí ẹni ń ra gúgúrú ni a ń ra síìmù. A san owó, a gbà á, ó tán. Kò sí ẹni tí ó béèrè orúkọ. Àwọn oníjìbìtì àti ajínigbé sì rí àyè ṣe tiwọn: wọn a fi síìmù kan pe ẹbí ẹni tí wọ́n jí gbé, wọn a sì dà á nù.

Ní ọdún 2011, NCC gbé òfin ìforúkọsílẹ̀ jáde, ìforúkọsílẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà ní oṣù Kẹta ọdún náà. A ní láti sọ orúkọ àti àdírẹ́sì wa, kí wọ́n ya àwòrán ojú wa, kí a sì tẹ ìka. Òfin náà kò gbàgbé àṣírí ẹni: ọlọ́pàá tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ni nọ́ńbà kan gbọ́dọ̀ kọ̀wé, ọ̀gá tí ipò rẹ̀ kò rẹlẹ̀ sí ti Olùrànlọ́wọ́ Kọmíṣọ́nà sì ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin náà tún sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ kí síìmù tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣiṣẹ́ yóò san ₦200,000 lórí ẹyọ kan.

Ìjìyà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn kan jí Olóyè Olú Fáláè gbé nínú oko rẹ̀ ní ẹ̀bá Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ náà mi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tìtì. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, NCC bu ìtanràn lé MTN nítorí pé síìmù tí ó lé ní mílíọ̀nù 5, tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé, ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí àsìkò ti kọjá. Bí a bá fi ₦200,000 ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò yé wa bí owó náà ṣe di tírílíọ̀nù kan náírà ó lé díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, wọ́n fẹnu kò sí bílíọ̀nù 330 náírà.

Ṣùgbọ́n àlébù kan ṣì wà nísàlẹ̀. Àwọn tí ń ta síìmù létí títì ń jẹ èrè lórí iye tí wọ́n bá tà. Nítorí náà, àwọn kan nínú wọn ń fi orúkọ ẹni tí ó ti wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ṣí síìmù mìíràn láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀, wọn a sì tà á fún ẹni tí kò fẹ́ tò. Síìmù tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó rà á rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Kò mọ̀ pé nọ́ńbà ẹlòmíràn ni òun ń lò, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, òun kò ní ẹ̀rí kankan pé tòun ni.

Nígbà tí NIN wọ̀ ọ́

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba tún pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so síìmù rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, èyí tí a ń pè ní NIN. Nọ́ńbà 11 ni. Àjọ NIMC, tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀, ni ó ń fún ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa, ní àkókò tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n ti ẹnu nọ́ńbà tí ó lé ní mílíọ̀nù 70: ẹni tí ó ni wọ́n lè gbọ́ ìpè, ṣùgbọ́n kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ọdún 2024 ni wọ́n tó parí ètò náà, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án sì ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n dá.

Ẹ jẹ́ kí á gbé èyí wá sí Òkè-Ògùn. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó lè rí ibi tí yóò ti gba NIN ní àdúgbò rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní oko tí ó jìnnà sí Ṣakí yóò san owó ọ̀kadà, yóò fi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá sì débẹ̀ tí iná kò sí tàbí tí ẹ̀rọ kò gbé e, yóò padà lọ́wọ́ òfo. Èyí nìkan kọ́. Ìṣòro mẹ́ta mìíràn wà tí ó kan irú wa gan-an.

Èkínní ni pé ọ̀pọ̀ àgbà ni kò fúnra wọn ra síìmù tí wọ́n ń lò. Ọmọ tí ó wà ní Èkó ni ó rà á, orúkọ ọmọ náà ni ó sì wà lórí rẹ̀. Lójú Yorùbá, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀; ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ, ti bàbá ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Bí bàbá bá mú NIN tirẹ̀ wá, ẹ̀rọ yóò sọ pé òun kọ́ ni ó ni nọ́ńbà náà.

Èkejì ni ìka ọwọ́. Ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún di ọkọ́ mú, tàbí tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ hunṣọ, ìlà ọwọ́ rẹ̀ lè ti pa rẹ́ débi pé ẹ̀rọ kò rí i kà. Ẹ ò rí nǹkan! Iṣẹ́ ọwọ́ ni àmì tí a fi ń dá ọmọlúwàbí mọ̀ láàrin wa, òun náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ dá a mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ, ibẹ̀ sì ni ó kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá jù lọ. A kì í fi àmì ohùn sí orúkọ nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí, a kì í sì í fi àmì sísàlẹ̀ lẹ́tà. Òjó tí ó jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, òjò tí ń rọ̀, ojo tí ẹ̀rù ń bà, àti ọjọ́ tí a ń kà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bákan náà, ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà kọ ṣ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ìlú Ṣakí fúnra rẹ̀, Saki ni àwọn kan ń kọ ọ́, Shaki ni àwọn mìíràn. Kìṣí ń jẹ́ Kisi, ó tún ń jẹ́ Kishi. Bí akọ̀wé kan bá kọ orúkọ ìyá àgbà kan ní Sade nígbà ìforúkọsílẹ̀ síìmù, tí òmíràn sì kọ ọ́ ní Shade nígbà NIN, ojú kan náà ni, ẹnu kan náà ni, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ni lójú ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ gba ibi tí kò tọ́, ìjánu rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú fóònù

Kí á má ṣe da ọ̀rọ̀ pọ̀. Fóònù tòkunbọ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ẹlòmíràn ti lò ó rí ni. Fóònù jíjí pẹ̀lú kì í ṣe ayédèrú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti rà á. Ayédèrú ni èyí tí a ṣe láti jọ ti ilé-iṣẹ́ kan tí kì í sì í ṣe tiwọn. Nọ́ńbà IMEI rẹ̀ lè jẹ́ àdàkọ ti fóònù mìíràn, ó lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan kàn tò jọ, ó sì lè má ní rárá. Bí ẹgbẹ̀rún fóònù bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sí bí ọlọ́pàá yóò ṣe tọpa èyí tí ó ń wá.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ìwádìí kan tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ ti àgbáyé, bá àjọ Yúróòpù kan ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, fi hàn pé ní ọdún 2015, nǹkan bí 13 nínú 100 ọjà fóònù ìgbàlódé ni ayédèrú gbà mọ́ àwọn olójúlówó lọ́wọ́ ní gbogbo ayé. Ní Áfíríkà, ó ju 21 lọ. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Olójúlówó wọ́n, ayédèrú pọ́ọ́kú, àwọ̀ wọn sì jọra. Ẹni tí ó ń ra ọjà lọ́dọ̀ wa kò rí ibòmíràn fi wé e.

Àwọn ìjọba kan ti fi ọwọ́ líle mú un. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Kẹ́ńyà gé fóònù tí ó lé ní mílíọ̀nù 1 kúrò lórí òpó. Tàǹsáníà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ní Nàìjíríà, òfin ti wà pé NCC gbọ́dọ̀ yẹ irú fóònù kọ̀ọ̀kan wò kí ó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tà á. Ní 2021 ni àjọ náà sì sọ̀rọ̀ nípa ètò kan tí yóò kó nọ́ńbà IMEI jọ sójú kan, kí a lè fi dá ayédèrú àti èyí tí a jí mọ̀.

Èrò mi lórí èyí ni pé kí á ṣọ́ra. Bí a bá gé ayédèrú fóònù lójijì, ta ni yóò jìyà? Ẹni tí ó kó o wọlé láti òkè òkun ti gba owó rẹ̀. Ẹni tí ó tà á lọ́jà ti jẹ èrè tirẹ̀. Ìyá alágbo tí ó fi owó èésú ra fóònù, tí ó rò pé ojúlówó ni òun rà, òun nìkan ni fóònù yóò kú mọ́ lọ́wọ́. Ibodè ni ó yẹ kí a ti dá ayédèrú dúró, kì í ṣe inú àpò ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ.

Ǹjẹ́ òfin wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́?

Àwọn kan yóò béèrè pé, bí gbogbo síìmù bá ti lórúkọ, èé ṣe tí ìjínigbé kò tí ì tán? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn ọ̀nà wa ní Òkè-Ògùn náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ajínigbé lè fi fóònù ẹni tí ó jí gbé pe ẹbí rẹ̀. Ó lè lo síìmù tí wọ́n forúkọ aláìmọ̀kan ṣí. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ irú ìforúkọsílẹ̀ yìí ní 2009. Nígbà tí yóò fi di 2012, wọ́n ti fagi lé e, nítorí pé ìwà ọ̀daràn kò dínkù.

Èyí kò sọ mí di alátakò òfin náà. Àkọsílẹ̀ tí ó péye wúlò: ẹni tí wọ́n jí síìmù rẹ̀ lè gba òmíràn nítorí pé orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀, báǹkì lè mọ̀ pé òun ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ nìkan kò mú olè. Ọlọ́pàá tí yóò lo àkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí ń ṣí síìmù lórúkọ ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́. Títí dìgbà tí a bá rí i pé ó ń débẹ̀ bí a ṣe ń rí àgbẹ̀ tí wọ́n ti fóònù rẹ̀ pa, àwọn ènìyàn yóò máa sọ pé òfin mọ ilé aláìní ju ilé ọ̀daràn lọ.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Mo rò pé ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ìjọba ṣe. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ NIN lọ sí ọjà àti abúlé lọ́jọ́ ọjà, kí àgbẹ̀ má ba à máa rìnrìn àjò nítorí orúkọ ara rẹ̀. Kí wọ́n ní ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi dá ẹni tí ìlà ọwọ́ rẹ̀ ti pa rẹ́ mọ̀. Kí wọ́n sì jẹ́ kí akọ̀wé tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì lè kọ ọ́ dáadáa, wà níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ Yorùbá.

Ní tiwa, àwa akẹ́kọ̀ọ́, a kò gbọ́dọ̀ ká ọwọ́ gbera. Nígbà tí a bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jẹ́ kí á yẹ síìmù àwọn òbí wa wò kí a sì mọ orúkọ ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tiwa, ẹ jẹ́ kí á bá wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ó ni òpó náà láti yí i padà sí tiwọn nígbà tí a ṣì wà láàyè láti jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ wọn, kí ó bá ara mu nínú gbogbo ìwé. Kí á kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe ra síìmù tí ó ti lórúkọ lórí, kí wọ́n má sì fi NIN wọn ya ẹnikẹ́ni nítorí owó táṣẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ra fóònù, kí wọ́n tẹ *#06# níwájú ẹni tí ń tà á, kí wọ́n fi ohun tí ó yọ wé èyí tí ó wà lára páálí rẹ̀, kí wọ́n sì gba rìsíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ kékeré ni, kò ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n bí òfin mìíràn bá tún dé lọ́la, tí wọ́n sì béèrè pé ta ni ó ni nọ́ńbà yìí, bàbá tí ó wà ní oko yóò lè fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn pé, “Èmi ni.”